Àkèré Tí Yẹ́lò Kò Kàn

Lọ́jọ́ tí olóògbé Bàbá Akunlé rí àkèré aláwọ̀ aró lẹ́yìn ilé, ìyàwó rẹ̀ kò tilẹ̀ wo àkèré náà lẹ́ẹ̀mejì. Agolo ọ̀dà ọkọ rẹ̀ ló sáré lọ yẹ̀ wò.

“Ẹ̀yin bàbá yìí, ẹ ti lọ kun ẹ̀dá Ọlọ́run lọ́dà!”

“Èmi kẹ̀? Wo ikùn rẹ̀, funfun ni. Ṣé mo kun ilé ẹnikẹ́ni dé àbọ̀ rí?”

Ẹ má dá ìyá náà lẹ́bi. Ogójì ọdún ni ọkọ rẹ̀ fi kun ilé onílé, ogójì ọdún náà ló sì fi pa irọ́ aládùn. Ó ní òun kun ògiri kan funfun débi pé àkùkọ ilé náà ń kọ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó rò pé ilẹ̀ ṣì ń mọ́ ni. Bí wọ́n bá bi í pé ilé wo ni, á ní wọ́n ti wó o.

Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí òótọ́ ló sọ, kò sì sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ó dun bàbá náà wọra. Kò fọwọ́ kan oúnjẹ ọ̀sán. Ìgbà yẹn ni àánú rẹ̀ ṣe ìyàwó rẹ̀, ló bá lọ pe tíṣà aládùúgbò wọn tó mọ̀ nípa ẹranko.

Tíṣà fi aṣọ tútù nu àkèré náà, àwọ̀ kò ṣí. Ó wo orí ìka àkèré náà tó rí roboto, ó ṣí ìwé.

“Àkèré orí igi ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé ni irú rẹ̀ máa ń ní. Èyí ò yé mi o.”

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ó fa pákó kan yọ, ó ta ọ̀dà aró sí i, ó po yẹ́lò mọ́ ọn. Ló bá di àwọ̀ ewé.

“Ṣé ẹ rí i? Irú kan náà ni wọ́n. Yẹ́lò ló tán nígbà tó kan tiwa yìí!”

Tíṣà ṣí ìwé títí, ó sì gbórí sókè. “Bàbá, bí ìwé ṣe wí gan-an nìyẹn! Èyí tí kò ní yẹ́lò lára ló máa ń rí bí aró.”

Wọ́n dá àkèré padà sórí igi. Bàbá wá ń rìn káàkiri àdúgbò bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àkèré náà ti tó ewúrẹ́ lẹ́nu Bàbá.

Láti ìgbà tí Bàbá ti kú, ilé dákẹ́ jù. Àwọn aládùúgbò máa ń wá rán ara wọn létí àwọn irọ́ rẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ á fi máa dùn wọ́n. Ìyá náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, á sì fi etí aṣọ nu ojú.

“Kó ṣáà wá pa irọ́ ẹyọ kan péré fún mi,” ló máa ń wí. “Màá ti gbà á gbọ́ kó tó lanu.”