Lorna Fi Fìlà Dí Ẹnu

Lorna Pruitt, púlọ́ńbà kan ní Vermont nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fẹ́ràn ẹgbẹ́ olórin Ìgbín Òru débi pé bí wọ́n bá ń ṣeré lọ́run, yóò wa ọkọ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan, níbi ìgbọ́kọ̀sí níwájú pápá eré, Duane ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ ọmọlẹ́yìn ẹgbẹ́ olórin mìíràn, Odò Gígùn, ń jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì tí Lorna dín, ó sì ń fi ẹnu kan náà fín in níràn.

"Orin kan ṣoṣo tiwa gùn ju ìgbéyàwó mi lọ, mi ò sì kúrò nídìí ẹ̀ rí. Ìwọ ńkọ́?"

"Ìgbéyàwó tìẹ yẹn? Kí búrẹ́dì kan tó jiná, ó ti tú ká. Jẹ́ ká wọlé."

Nínú pápá, Lorna gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ láti gba orin sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tí kò rí àyè wá. Ẹni tó bá dúró ti ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ pariwo. Ni Ìgbín Òru bá mú orin tí Lorna ti ń retí láti ìgbà èwe rẹ̀ bọ ẹnu. Igbe fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ké, orin àwọn tí kò wá bàjẹ́ nìyẹn. Ó já fìlà lórí, ó sì fi dí ẹnu. Omijé ń ya bíi páìpù tó bẹ́, tí púlọ́ńbà fúnra rẹ̀ kò rí dí, títí orin náà fi parí, ó sì gùn tó kí ọmọ ọwọ́ hu irùngbọ̀n.

Duane ṣí fìlà tirẹ̀ fún un. "Èmi ì bá ti ké. O borí mi." Ó wá rọra sọ sí i létí: "Jọ̀ọ́, ṣe ẹ̀dà orin náà kan fún mi. Má sọ fáwọn ará Odò Gígùn o."