Àdúrà Lórí Fóònù Mi

Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin wá kí mi ní Agége láti Èkìtì. Wọ́n yá fóònù mi pé àwọn fẹ́ kí àwọn ará ilé. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àtàwọn tá a jọ ń gbélé kúnlẹ̀ àdúrà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbóhùn sókè: "Olúwa, ọmọbìnrin tó ń gbé ní Ọmọ́lé tó ní òun ò fẹ́ ọmọ mi mọ́, bá mi rọ ọkàn rẹ̀!"

Wọ́n ti ka gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ mi. "Àmín!" ni gbogbo ilé ké. Èmi náà ṣe àmín.

Mo ní, "Mọ́mì, ọ̀rọ̀ àṣírí nìyẹn."

"Ta ni mo sọ ọ́ fún bí kò ṣe Ọlọ́run?"

Mo bá fi nọ́ńbà àṣírí ti fóònù náà pa. Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, wọ́n gbàdúrà kí Ọlọ́run ṣí ohun tí ọ̀tá tì.