Jẹ́lì Tí Mo Ń Fi Ṣíbí Bọ́ Ìyá Mi

Ẹni tó bá gbọ́ pé ìyá mi kì í jẹran, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín, nítorí pé ìyàwó alápatà ni. Bàbá mi ló ń pa màlúù, tó ń gé e, tó ń tà á, títí ọlọ́jọ́ fi dé. Lọ́jọ́ tí a sin ín ni ìyá mi sọ pé ẹran tí kì í bá ṣe ọwọ́ ọkọ òun ló pa á, òun ò ní fi kan ẹnu mọ́ láyé. A rò pé ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó fi ẹja àti adìẹ kún un. Nígbà tó fi wá gbé lọ́dọ̀ mi ní Festac, ó ti pé ọdún mọ́kànlá, kò sì tíì yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ilé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí wa lọ́wọ́ ni. Ìjọba pín in fún ọkọ mi níbi iṣẹ́, òórùn ọ̀dà kò tíì kúrò lára ògiri. Ibà ló gbé ìyá mi dé ọ̀dọ̀ mi. Ibà lọ, àìlejẹun kò lọ. Bó bá mu ẹ̀kọ, á pọ̀ ọ́. Bó bá jẹ iyán, á tu ú sílẹ̀. Ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín débi pé mi ò fẹ́ máa wò ó. Ìgbà náà ni mo ra jẹ́lì ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, ìyẹ̀fun pupa nínú páálí kékeré, wọ́n ya ọsàn àti èso oríṣiríṣi sí i lára. Mo pò ó mọ́ omi gbígbóná, mo gbé e sínú fíríìjì, ó dì. Mo fi ṣíbí bù ú fún un, ó gbé e mì. Mo fò sókè, mo pariwo ayọ̀. Láti ọjọ́ náà, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́, jẹ́lì ni.

Ẹ̀gbọ́n kan ń gbé lókè wa, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní oúnjẹ sísè. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá kí ìyá mi ní Sátidé kan, ó rí páálí jẹ́lì lórí tábìlì.

"Àbúrò mi, ṣebí o ní Màmá kì í jẹran?"

"Rárá o, wọn kì í jẹ ẹ́."

"Kí wá lèyí? Jẹ́látìn ló mú un dì. Awọ àti egungun màlúù ni wọ́n ń sè kí wọ́n tó rí i."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọsàn ló wà lára páálí."

"Àwòrán nìyẹn."

Mo dì mọ́ ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, èmi ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ ní màlúù! Lójú tèmi, ẹran ni ohun tí a fi ọ̀bẹ gé, tí eyín jẹ. Ta ló rò pé ẹran lè di ìyẹ̀fun? Inú sì bí mi sí àwọn tó ṣe páálí náà. Ṣé wọn ò lè ya ìwo kan ṣoṣo síbẹ̀ ni?

Àwa méjèèjì tú kọ́bọ́ọ̀dù mi. Súìtì rírọ̀ tí àwọn ọmọ mi ń jẹ, jẹ́látìn. Ẹ̀gbọ́n wá gbé kápúsù tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i tí dókítà kọ fún ìyá mi, ó ní èèpo rẹ̀ náà ńkọ́? Mi ò gbà á gbọ́. Mo wọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì kan ní Mile 2, mo gbé kápúsù náà sí àtẹ́lẹwọ́.

"Màdáàmù, bẹ́ẹ̀ ni," ni obìnrin tó ń ta oògùn wí. "Jẹ́látìn ni. Gbogbo wọn bẹ́ẹ̀ ni."

Gbogbo wọn! Mo jáde sáàárín àwọn kọ́ńdọ́kítọ̀, mo ń dá sọ̀rọ̀ bíi wèrè. Láti ọjọ́ náà, mo ń ṣí kápúsù, mo ń da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sínú omi, mo sì ń ju èèpo nù. Bí mo bá fẹ́ ra nǹkan ní ọjà Kuje tó wà nítòsí wa, mo máa ń béèrè bóyá màlúù wà nínú rẹ̀. Ìyá kan tó ń ta bisikíìtì ní kí n lọ sùn díẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni kí n sọ fún ìyá mi? Bí mo bá sọ ọ́, mo ti ba ẹ̀jẹ́ ọdún mọ́kànlá jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí mi ò bá sọ ọ́, tí mo sì ń bá a lọ, ọ̀dàlẹ̀ ni mí. Mo purọ́ pé jẹ́lì ti tán ní ọjà. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi jẹun gidi, ojú rẹ̀ sì jìn wọnú. Lọ́jọ́ kẹrin, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ tẹkúntẹkún.

Ó gbé àgbọ̀n mi sókè.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti gbàgbé ẹni tó fẹ́ mi ni? Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi se ẹsẹ̀ màlúù. Ohun tó gbóná tó ń ṣàn, tó tutù tó dì, tó sì ń gbọ̀n, ṣé èmi ni n ò ní mọ̀ ọ́n? Ṣíbí àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì ń jẹ ẹ́?"

"O dúró tì mí, o ń wo ọ̀fun mi. Bí mo ṣe gbé e mì, o fò sókè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni bàbá rẹ máa ń dúró tì mí, bó bá gbé ẹran wálé fún mi. Mi ò lè tu ú sílẹ̀ níwájú rẹ."

Mo bi í bóyá kí n po jẹ́lì òmíràn. Ó mi orí.

"Ní báyìí tí ìwọ náà ti mọ̀, n ò lè jẹ ẹ́ mọ́. Lọ po ẹ̀kọ wá, n ó gbìyànjú. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé e dé, má jókòó o. Dúró, kí o máa wò mí."