Èsì Tí Mo Fi Agídí Wá Rí

Mo rántí bí mo ṣe jókòó níwájú kọ̀ǹpútà ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí mò ń ṣe ìwádìí fún oyè kejì nínú saikọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa ìrònú ẹ̀dá. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń gun ọ̀kadà lọ sí Ìrẹsà, níbi tí àwọn opó kan ti ń péjọ láti sọ ẹ̀dùn ọkàn wọn fún ara wọn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìpéjọ náà ń dín àníyàn wọn kù.

Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín àníyàn wọn ṣáájú ìpéjọ náà àti lẹ́yìn rẹ̀. Ojora mú mi. Ọkùnrin tó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ìṣirò ní Sábó kàn rẹ́rìn-ín ni: "Ẹ má fòyà, a ó dán òmíràn wò." A yọ àwọn àgbà kúrò, síbẹ̀ kò sí ìyàtọ̀. A yí ọ̀nà ìṣirò padà, a tún un yí. Nígbà tó yá, láàárín àwọn tí kò tíì pé ogójì ọdún nìkan, kọ̀ǹpútà ní ìyàtọ̀ wà. Mo fò sókè. Ẹni tó bá ń ju òkò sínú igbó láìdúró, ọ̀kan á ṣèèṣì ba ẹyẹ. Ìyẹn ò sọ ọ́ di ọdẹ. Ṣùgbọ́n ta ló ráyè rò bẹ́ẹ̀? Mo kọ ọ́ bí ẹni pé ohun tí mo ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mo sì sáré lọ ròyìn fún àwọn opó náà pé ìpàdé wọn ń ṣiṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo wà nílé àwọn òbí mi ní Ọ̀yọ́ nígbà tí ìyá tó jẹ́ olórí àwọn opó náà pè mí.

"Ọmọ mi, o ṣeun o. Èyí tó kéré jù nínú wa ti pa oògùn ìrònú tí wọ́n ń fún un ní ọsibítù tì. Ó ní o ti sọ pé ìpàdé wa tó."

"Ṣé ó ń sùn, mà?"

"Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí kò fojú kan oorun."

"Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ mú un lọ sí ọsibítù nísinsìnyí. Iṣẹ́ mi ò fi ohun tí mo sọ hàn."

"Ṣé irọ́ lo pa fún wa ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Mo wọkọ̀ lọ bá olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi lọ́jọ́ náà gan-an. Wọn ò pariwo. "Ìgbà mélòó lo dán an wò?"

"Ìgbà mẹ́tàlá, sà."

"Lọ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀."

Mo tún iṣẹ́ náà kọ; àwọn ẹgbẹ́ mi gboyè, wọ́n fi mí sílẹ̀. Obìnrin náà padà sídìí oògùn rẹ̀, ara rẹ̀ sì yá. Èmi náà ti di olùkọ́ báyìí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé èsì tó dùn jù wá, àyà mi ṣì máa ń já. Mo gbọ́ pé obìnrin náà ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Títí dòní, mi ò tíì láyà láti lọ kí i.