Ogún Tó Kù Kí Bátìrì Ó Kún

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fìdí kalẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí nígbà half-term, ìsinmi àárín sáà iléèwé, tó kọjá. Wọ́n máa ń sọ pé ẹnu ló ń kóbá èèyàn. Èmi o! Ẹnu tí mo pa mọ́ ló kóbá mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ọkọ̀ àwọn ọmọ iléèwé ni mò ń wà fún council níbí ní Peckham, ní London. Ọkọ̀ oníná ni. Tí mo bá ti já àwọn ọmọ sílẹ̀ tán láàárọ̀, Surrey Quays ni mo máa ń gbé e lọ ṣáàjì. Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ oníná mọ òfin ibẹ̀. Bí bátìrì bá ti dé ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, yọ wáyà rẹ kí o máa lọ, torí láti ibẹ̀ ni ẹ̀rọ náà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Ogún tó kù yẹn lè jẹ àsìkò tó tó ti ọgọ́rin tó ti wọlé.

Ṣé ẹ wá mọ àwọn tó máa ń jókòó ti ogún yẹn? Wọ́n á máa jẹ chips nínú ọkọ̀, àwa yòókù á tò sẹ́yìn wọn bí ẹni tó ń retí ìrẹsì sàárà. Mo kórìíra wọn! Mo ti kan gíláàsì ọkùnrin kan rí, mo bi í bóyá ibẹ̀ ló fẹ́ sùn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sápò ná, a máa padà sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Sister Sìdí, nọ́ọ̀sì ni. Canada ló ń gbé, ní ìlú kékeré kan lókè lọ́hùn-ún ní Ontario, ìrìn wákàtí mẹ́jọ sí Toronto. Ọdún mẹ́fà gbáko la ò fojú kanra. Nígbà tí ìyá wa kú n'Ìbàdàn, òun ti wà nílé, ó lọ kí wọn ni. Èmi ò lè lọ, ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde. Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú ìyá mi, nínú kíṣìnnì, pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn. Láti ọjọ́ náà, àwa méjèèjì ò tíì jókòó ti ara wa ká sunkún Màámi. Ohun tí mò ń fẹ́ nìyẹn, kò ju ìyẹn lọ.

Ẹ máa ní kí ló dé tí Sister mi ò wá? Ẹ dúró! Owó bàlúù kékeré láti ìlú wọn sí Toronto ju ti Toronto sí London lọ. Ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì tó ń ná ọ̀nà náà ti kógbá sílé. Ọkọ̀ oníná lòun náà ní, àmọ́ lójú ọ̀nà gígùn yẹn, ẹ̀rọ ṣáàjì tó yára kò sí, ẹyọ kan báyìí. Èyí tó wà lẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì kan ń lọ́ra débi pé o máa sùn kó o jí kó tó kún. Tí òtútù bá sì mú, bátìrì á máa jò lọ ni. Lọ́dọọdún ló ń sọ fún mi pé wọ́n ní àwọn máa gbé ẹ̀rọ síbẹ̀. Lọ́dọọdún lèmi náà ń dáhùn pé Ọlọ́run á ṣe é.

Mo máa ń jókòó nínú ọkọ̀ ní Surrey Quays, màá máa wo ẹ̀rọ ṣáàjì tí wọ́n tò lọ bẹẹrẹ, àárò Sister mi á sọ mí débi pé oúnjẹ àárọ̀ mi á tutù lọ́wọ́ mi. Mẹ́rin péré nínú èyí! Tí wọ́n bá bá mi gbé mẹ́rin péré lọ sójú ọ̀nà yẹn, ǹ bá rí ẹ̀gbọ́n mi.

Ìwé mi kúkú jáde lọ́dún tó kọjá. Nígbà tó yá, voice note dé láti Canada. Sister mi ló ń pariwo pé wọ́n ti ṣe é, ẹ̀rọ tó yára ti wà níbi mẹ́rin lójú ọ̀nà, pé ọjọ́ kan péré lòun fi máa dé Toronto báyìí. Mo fò sókè nínú kíṣìnnì! Lójú ẹsẹ̀ ni mo ti pinnu pé èmi ni mo máa lọ bá a, mi ò sì ní sọ fún un.

Kí ló dé tí mi ò ní sọ? Ẹ ẹ̀ mọ ilé wa ni. Màámi kọ́ wa pé ẹsẹ̀ la fi ń ròyìn ìrìn àjò, kì í ṣe ẹnu. Nígbà tí wọ́n máa lọ sí Mẹ́kà, Ìṣẹ́yìn ni wọ́n sọ fún gbogbo àdúgbò pé àwọn ń lọ. Àwọn èèyàn ń kí wọn kú ọ̀nà Ìṣẹ́yìn, àfi bí wọ́n ṣe gbé kẹ́ẹ̀gì omi sámúsámù dé! Ìyẹn ló fà á tí mo fi sọ fún Mummy Sadiat, aládùúgbò mi tí kọ́kọ́rọ́ mi kejì wà lọ́wọ́ wọn, pé training ni mò ń lọ ṣe ní Birmingham. Ọmọ mi Roqeebah tó wà ní uni nìkan ló mọ̀, torí òun ló bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Mummy, just text Big Aunty now. This is long." Mo ní kó pa ẹnu ẹ̀ dé, kí ló mọ̀?

Ọjọ́ Sátidé ni mo dé Toronto. Ní àárọ̀ Sunday, mo gba ọkọ̀ oníná kan tí mo háyà, torí òun lọ́wọ́ mi mọ́, mo sì kọjú sí òkè. Igi, omi, igi, omi. Kò sí network. Mo dúró níbi ẹ̀rọ àkọ́kọ́, mo dúró níbi ìkejì, inú mi ń dùn bí ẹni pé èmi ni wọ́n torí ẹ̀ gbé e síbẹ̀.

Níbi ìkẹta, ìrun Àyílà ti tó. Mo bi obìnrin tó ń ta kọfí níbẹ̀ pé ibo ni mo lè tẹ́ ẹní mi sí. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí orí koríko kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó ní obìnrin kan tó wé híjáàbù bíi tèmi kírun níbẹ̀ gan-an lánàá. Mo rẹ́rìn-ín! Àṣé àwọn èèyàn wa ti dé inú igbó yìí náà? Mo dúró síbẹ̀, mo kírun mi, mo sì ṣe àdúà fún obìnrin tí mi ò mọ̀ náà, pé kí Ọlọ́run mú un dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lọ bá ní àlàáfíà.

Ẹ ti ń fura, àbí? Èmi ò fura o!

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí mo dé ẹnu ilẹ̀kùn Sister mi. Mo kàn án títí. Bàbá òyìnbó kan jáde láti ilé kejì, ó ní nọ́ọ̀sì ti lọ ṣe ìpàdé ní Ottawa, pé ó di Sátidé tó ń bọ̀. Ottawa kẹ̀! Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ìgbà yẹn ni fóònù mi dún. Sister mi ni, lórí video. Ó ti ń pè mí látàárọ̀.

"Mulíká, ibo lo wà? Training wo ni wọ́n ń ṣe ní Sunday?"

Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kọ́tìnnì mi ni mo rí. Kọ́tìnnì èmi! Mo ní, "Sister mi, kí lẹ ń ṣe ní kíṣìnnì mi?" Mo wá yí fóònù mi sí ẹnu ilẹ̀kùn wọn.

Sister mi wo ẹnu ilẹ̀kùn ara wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bú sẹ́rìn-ín, kí ẹ̀rín náà tó di ẹkún mọ́ àwa méjèèjì lójú. Ọmọ ìyá kan náà ni wá lóòótọ́. Sister mi náà ti lo ẹ̀kọ́ Màámi, Ottawa tí wọ́n sọ fún bàbá òyìnbó ni Ìṣẹ́yìn tiwọn. Àwọn ni wọ́n kírun lórí koríko yẹn. Mummy Sadiat ló fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ mi.

Kò sẹ́ni tó lè yí tíkẹ́ẹ̀tì padà nínú wa. Half-term ló so èmi, duty ló so àwọn. Bàbá òyìnbó, tí kọ́kọ́rọ́ Sister mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, bá mi ṣílẹ̀kùn. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi sùn lórí bẹ́ẹ̀dì Sister mi, tí àwọn ń sùn lórí tèmi. Wọ́n á pè láti Peckham, wọ́n á bi mí pé ibo ni mo ń kó iyọ̀ sí. Èmi náà á bi wọ́n pé ibo ni tiwọn wà. Wọ́n lọ ra pọ̀nmọ́ ní ọjà Rye Lane, wọ́n bá mi tún páìpù tó ń jò ṣe. Èmi rí ìró Màámi lábẹ́ ìrọ̀rí wọn, mo fi bo ojú, mo gbóòórùn rẹ̀ títí. Mi ò ro Sister mi rí tó bí mo ṣe rò wọ́n nínú ilé àwọn fúnra wọn.

Sátidé, ọ̀sán ni bàlúù wọn balẹ̀ ní Toronto. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni tèmi máa gbéra. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ délé kílẹ̀ tó mọ́, iṣẹ́ ń dúró dè wọ́n láàárọ̀ Sunday. Ọkọ̀ wọn tí wọ́n fi sílẹ̀ ní airport kò ní ṣáàjì nínú mọ́, torí wọ́n sáré kí bàlúù má bàa fi wọ́n sílẹ̀. Ibi ẹ̀rọ ṣáàjì ẹ̀gbẹ́ airport la ti pàdé. Iye àsìkò tí bátìrì bá fi kún, ìyẹn la ní.

Wọ́n ti rù. Irun wọn ti funfun níwájú. Mo kúnlẹ̀ lórí kọnkéré, wọ́n fà mí dìde, wọ́n ń sọ pé, "Mulíká, Mulíká mi."

A jókòó sínú ọkọ̀ wọn. Wọ́n sọ fún mi bí Màámi ṣe lọ. Wọ́n ní lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, Màámi ṣáà ń bèèrè pé, "Mulíká ńkọ́? Ṣé ó ti jẹun?" Sister mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù látọjọ́ yìí. A sunkún. A sunkún Màámi bó ṣe yẹ ká sun ún.

Sister mi wo ojú ẹ̀rọ náà, wọ́n nu imú. Ó ti dé ọgọ́rin. Wọ́n fẹ́ bọ́ sílẹ̀ lọ yọ wáyà. Mo di ọwọ́ wọn mú. Èmi! Èmi tí mo ń kan gíláàsì èèyàn!

"Sister mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó pé ọgọ́rùn-ún."

Ọkùnrin kan wà lẹ́yìn wa tó ń dúró. Ó jáde, ó ń bọ̀ wá kan gíláàsì. Mo mọ ojú yẹn, ojú tèmi ni ní Surrey Quays. Ó rí obìnrin méjì tí wọ́n di ara wọn mú, omijé àti ikun imú dàpọ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó padà lọ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ọlọ́run á ṣàánú òun náà.

Ogún tó kù yẹn, ẹ̀rọ ń wọ́ lọ bí ìgbín, èmi sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó túbọ̀ lọ́ra. Ọdún mélòó ni mo fi gbàdúà fún ẹ̀rọ tó yára? Nígbà tó kún, Sister mi lọ sí òkè, èmi lọ sí airport.

Lọ́jọ́ Monday, mo wà ní Surrey Quays. Obìnrin kan wà níwájú mi, bátìrì rẹ̀ ti kọjá àádọ́rùn-ún, fóònù wà létí rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Mi ò fọn fèrè. Mo jókòó, mo dúró dè é.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ máa pa ìrìn yín mọ́ fún ayé, ó dáa, àmọ́ ẹ má pa á mọ́ fún ẹni tẹ́ ẹ ń lọ bá! Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí? Ta ni àárò rẹ̀ ń sọ yín tẹ́ ẹ sì ń dákẹ́? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, gbogbo ẹ̀ ni màá kà. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ pe ẹni náà ná.