Ọkọ Àdìjá

Àrínọlá kò lọ́kọ rí, ṣùgbọ́n ó níyàwó. Ẹ má tíì yanu. Àdìjá, ìyàwó àbúrò rẹ̀, ni mò ń wí. Láti ọjọ́ tí Sàlàkọ́ ti gbé e níyàwó wá sílé bàbá wọn ní Igbó-Elérin, "Ọkọ mi" ló ń pe Àrínọlá, bí ìyàwó ilé ti ń pe gbogbo ọmọ ilé tó bá níbẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ayálégbé ni mí nínú ilé náà, ọdún kẹtàdínlógún rèé. Ìkíni yẹn ló ń jí mi láràárọ̀.

Jẹnẹrétọ̀ ni Àrínọlá ń tún ṣe ní Ìyànà-Ìbà. Ó ti lé láàádọ́ta ọdún. Àwọn aláìmọ̀kan àdúgbò a máa bi í pé ìgbà wo ló máa relé ọkọ. Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ọkọ wo ló tún ń wá ọkọ?"

Lọ́dún tó kọjá, Fikáyọ̀, ọmọ Àdìjá, wọ yunifásítì. Oṣù mẹ́ta péré, ìwé ti kún orí ẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé pe obìnrin ní ọkọ yín. Àwọn frẹ́ńdì mi gbọ́ ọ lórí fóònù, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Ojú ti Àdìjá. Láti ọjọ́ náà, "Ọkọ mi" di "Àǹtí Àrínọlá".

Inú bí mi, kí n má parọ́. Àrínọlá ní tiẹ̀ kò bínú. Ó wá ń dá jẹun ní yàrá. Nígbà tó di ọ̀sán Sátidé kan, mo rí i tó ń di ẹrù; ó ti gba yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Fikáyọ̀ bá a lẹ́nu ẹ̀.

"Àǹtí, ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Ilé bàbá mi nìyí, Fikáyọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ìyá ẹ ń fi kí mi yẹn ló ń jẹ́ kí n mọ̀ pé mi ò kì í ṣe àlejò níbẹ̀."

Ọmọ náà bú sẹ́kún, ó sáré lọ pe ìyá rẹ̀ ní kíṣìnnì. Àdìjá dé pẹ̀lú ọwọ́ tútù, ó kúnlẹ̀ sáàárín ẹrù.

"Ọkọ mi, ta lẹ fẹ́ fi mí sílẹ̀ fún?"

Àrínọlá gbá a mọ́ra, àwọn méjèèjì ń sunkún. Èmi náà nu ojú mi lẹ́nu ọ̀nà.

Fikáyọ̀ ti ń tú ẹrù nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní yunifásítì ló ń pè.

"Mò ń bọ̀ jàre," ló wí. "Mò ń bá ọkọ mọ́mì mi tú ẹrù ni. Bẹ́ẹ̀ ni, obìnrin ni."