Ohun Tí A Kọ́kọ́ Fi Kún Ọkọ̀ Tuntun Mi ní Norfolk

Aago márùn-ún ìdájí ti fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá nígbà tí mo ṣí ọkọ̀ mi níwájú ilé wa ní Rush Green. Òtútù oṣù kẹta ṣì mú, ìrì ti bo gíláàsì iwájú, gbogbo àdúgbò sì dákẹ́ àfi bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó ń kọjá lọ sí Romford. Ọkọ mi, Bàbá Ṣadé, jáde pẹ̀lú fúláàsì tíì lọ́wọ́ kan àti dùndú tí mo ti wé sínú bébà fàdákà lọ́wọ́ kejì. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó wọlé, ó de bẹ́líìtì.

"Bàbá Ṣadé, ìjókòó iwájú ṣófo o," mo wí.

"Ẹ̀yìn tẹ́ mi lọ́rùn," ó dáhùn. "Máa wa ọkọ̀ rẹ."

Báyìí ni ìrìn àjò tí mo fẹ́ ròyìn fún ẹ̀yin èèyàn mi ní Ẹ̀fọ̀n Aláàyè ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé ọdún kẹtàdínlógún nìyí tí mo ti ń wa bọ́ọ̀sì èrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àlòkù ni mò ń rà fún ara mi. Mẹ́rin ni mo ti lò, èyí tó kẹ́yìn sì ń jo omi bí agbọ̀n. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni mo ra tíà-rọ́bà, ọkọ̀ kékeré tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí rí, pupa bí ata rodo, tí òórùn inú rẹ̀ dà bí bàtà tuntun. Nínú ẹbí wa, èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó ra ọkọ̀ tí kò sí orúkọ ẹlòmíì nínú ìwé rẹ̀. Nígbà tí mo gbé e lọ sí ìjọ Aládùúrà wa ní Barking, wòlíì wọ́n omi sí i, àwọn ìyá ìjọ kọrin yí i ká, èmi náà sì dúró tì í, mo na ọrùn bí ẹni tó bí ìbejì.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí kí n máa fọ̀ ọ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo ṣe rà á. Mo fẹ́ràn eré. Ẹni tó bá ń fi eré ogún máìlì láàárín wákàtí kan wa bọ́ọ̀sì láti òwúrọ̀ dalẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti fẹ́ràn eré. Mo ti tọ́jú owó díẹ̀ tí mo fẹ́ fi mú kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára sí i. Wọ́n júwe mẹkáníìkì kan fún mi, Déèfì lorúkọ rẹ̀, ní Norfolk, agbègbè oko tó tó ọgọ́rin máìlì sí ọ̀dọ̀ wa. Ó mọ irú ọkọ̀ mi dunjú, ó sì ní pápá tí èèyàn ti lè sáré láìrú òfin. Mo dúró kí ọkọ̀ náà rin ẹgbẹ̀rún máìlì àkọ́kọ́ tí ìwé rẹ̀ ní kí a fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ rìn, mo wá pè é.

Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, ó gbé ṣíbí kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo kú ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, nígbà tí bíréèkì ọkọ̀ tó ń wà kọ̀ tí kò mú mọ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lọ́nà Iléṣà. Láti ìgbà náà, ọkọ mi kò wa ọkọ̀ mọ́.

"Abíọ́nà," ó ní, "ọkọ̀ tó ń sáré tẹ́lẹ̀, o tún fẹ́ kó máa fò?"

Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń kí ara wa bí àlejò. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ní òun kò fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n òun kò ní jẹ́ kí n dá lọ.

A gba A12 já sí M25, ọ̀nà ńlá tó yí gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, kí a tó yà sí M11 tó lọ sí àríwá. Láàárín títì wọn, wọ́n ri àwọn gíláàsì kéékèèké mọ́lẹ̀ tó ń tàn padà bí iná ọkọ̀ bá ti bà wọ́n. Ojú ológbò ni wọ́n ń pè é. Nínú òkùnkùn ìdájí, wọ́n tò lọ níwájú wa bí ẹni pé ogunlọ́gọ̀ ológbò ló lóṣòó tó ń wò wá. Àádọ́rin máìlì ni òfin gbà láàárín wákàtí kan. N kò kọjá rẹ̀. Kámẹ́rà wà lórí òpó, ojú kan sì tún wà lẹ́yìn mi.

A yà sí sáfíìsì kan nítòsí pápákọ̀ òfurufú Stansted. Sáfíìsì ni ibi tí awakọ̀ ti ń sinmi, tí wọ́n ti ń tọ̀, tí wọ́n ti ń ra epo àti oúnjẹ. Lítà bẹntiróòlù tí à ń rà ní pọ́n-ùn kan àti pẹ́ńsì márùndínlógójì ní Dagenham East, pọ́n-ùn kan àti ọgọ́ta pẹ́ńsì ni wọ́n ń tà á níbẹ̀. Ife kọfí kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pọ́n-ùn mẹ́rin. A kà á lára pátákó, a wo ara wa, a padà sínú ọkọ̀ lọ jẹ dùndú wa. Ọkọ mi fi èyí tó dín gbẹ jù sílẹ̀ fún mi, bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Mo mọ̀ nígbà náà pé ìbínú náà kò dénú.

Ilẹ̀ mọ́ bá wa lójú ọ̀nà A11. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gun òkè láti kékeré, ojú ọ̀nà ibẹ̀ yóò yà yín lẹ́nu. Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé èèyàn lè rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ kí awakọ̀ rẹ̀ tó jí. Lẹ́bàá ọ̀nà, mo rí ẹlẹ́dẹ̀ tó pọ̀ nínú pápá, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní ilé páànù tirẹ̀.

"Ẹlẹ́dẹ̀ ìhín ní ilé tirẹ̀, kì í san rẹ́ńtì," ohùn kan wí lẹ́yìn mi. A jọ rẹ́rìn-ín.

Aago méje ààbọ̀ la dé ọ̀dọ̀ Déèfì. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà létí pápákọ̀ òfurufú àwọn ológun àtijọ́ kan tí ọkọ̀ òfurufú kì í bà sí mọ́. Òyìnbó tó sanra ni, irun rẹ̀ ti funfun, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gíríìsì. Ó na ọwọ́ sí ọkọ mi kó gba kọ́kọ́rọ́.

"Kì í ṣe èmi," ọkọ mi wí. "Ìyàwó mi ni awakọ̀. Èmi, èrò ni mí." Ó fi àyà sọ ọ́. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí mo ti gbọ́ irú ohùn yẹn kẹ́yìn.

Mo sọ ohun tí mo bá wá. Déèfì ní òun lè ṣe é: kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń kọ ìlànà tuntun sínú ọpọlọ ẹ́ńjìnnì, kò ju wákàtí kan lọ. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé bí ẹ́ńjìnnì bá bàjẹ́ lẹ́yìn náà, àwọn tó tà á fún mi lè kọ̀ láti tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. "Kí lo fẹ́ kó máa ṣe gan-an?" ó bi mí.

"Kó sáré ni."

Ọkọ mi dá sí i. "Bó bá wá sáré tán, bíréèkì ńkọ́?"

Déèfì wò ó dáadáa. "Ọ̀gá, ìwọ̀nba èèyàn ló ń bi mí ní ìbéèrè yẹn. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Wọ́n fún mi ní akoto, Déèfì jókòó tì mí, ọkọ mi sì dúró lẹ́yìn wáyà, ó ń fi fóònù ka àkókò. Ẹ̀yin ará ilé, inú mi dùn! N kò wa ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, kí n máa tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ láìsí bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù, láìsí ẹni tó ń tẹ aago. Yíyí kẹta, ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ní yíyí karùn-ún, mo tẹ bíréèkì létí kọ́nà, ẹsẹ̀ mi sì rìn jìnnà kí ọkọ̀ tó mú. Òórùn kan gba inú ọkọ̀, bí ìgbà tí èèyàn gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ. Déèfì ní kí n rọra yí i ká kó lè tutù, kí n wá dúró.

Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, ọkọ mi di wáyà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Mo rí èéfín lára táyà," ó wí. Ojú tì mí. Mo rò ó pé ká máa lọ sílé.

Déèfì ní nǹkan kan kò bàjẹ́. Bíréèkì tí wọ́n ṣe fún ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì ni, ooru ló pọ̀ jù fún un. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tirẹ̀. Irú tèmi gan-an ni, búlúù ni tirẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì wà bí wọ́n ṣe gbé e jáde. Táyà, páàdì bíréèkì àti ọ́ìlì bíréèkì nìkan ló pààrọ̀. Mo ti fẹ́ kọ̀.

"Gbé e," ọkọ mi wí. "Mo fẹ́ rí i."

Mo gbé e. Táyà rẹ̀ di ilẹ̀ mú bí àlẹ̀mọ́, mo sì lè pẹ́ kí n tó tẹ bíréèkì. Mo yí i ká lẹ́ẹ̀mẹfà, bíréèkì kò yí padà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n! Ẹ́ńjìnnì kan náà, mo sì fi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún yá ju ti ìṣáájú lọ.

Déèfì bi mí pé ta ló kọ́ mi, pé ọwọ́ mi kì í kánjú. Mo ní bọ́ọ̀sì ló kọ́ mi. Bí ìyá àgbà kan bá di òpó mú lẹ́yìn mi tí mo sì tẹ bíréèkì lójijì, ó ṣubú nìyẹn. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní àwọn tó ń náwó wá kọ́ eré lọ́dọ̀ òun kò tíì mọ ìdajì ohun tí mo mọ̀. Ẹ gbà mí láàyè kí n yangàn díẹ̀.

Ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí táyà ọkọ̀ búlúù, ó ń wá èéfín. Kò rí i. Déèfì mú páàdì bíréèkì tuntun kan wá, ó fi lé e lọ́wọ́. Kò tóbi ju ọṣẹ ìwẹ̀ tí a ti lò dé ìdajì lọ.

"Èyí náà ni?" ó bèèrè.

"Òun náà ni."

Ó yíjú sí mi, ó fi Yorùbá wí pé, "Ìwọ̀nba èyí ni ẹ̀gbọ́n mi kò ní."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn iwájú ọkọ̀ búlúù náà, ó jókòó. "Gbé mi yí ká," ó ní.

Mo gbé e lẹ́ẹ̀mejì. Ní kọ́nà àkọ́kọ́, ó pe Jésù. Ní ìkẹta, ó di ilẹ̀kùn mú. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó tọ Déèfì lọ tààrà: "Ṣé o rí bó ṣe gba kọ́nà yẹn? Ṣé o rí i?"

Báyìí la ṣe fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe gbé e jáde. Táyà mẹ́rin, páàdì fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ọ́ìlì bíréèkì tuntun la yàn. Ọkọ mi fi káàdì tirẹ̀ sanwó bíréèkì kí n tó ṣí báàgì. Nítorí pé ní ìlú yìí, èèyàn gbọ́dọ̀ sọ fún ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì bó bá pààrọ̀ nǹkan lára ọkọ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló pè wọ́n. Déèfì parí iṣẹ́ lẹ́yìn aago kan ọ̀sán, ó gbé ọkọ̀ náà yí pápá ká díẹ̀ kí páàdì tuntun lè jókòó dáadáa sáàyè rẹ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́.

Ìjókòó iwájú ni ọkọ mi wà bí a ṣe ń bọ̀, ó ń sọ ìtàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún mi, bó ṣe máa ń súfèé bó bá ń wakọ̀. Ọdún kejìdínlọ́gbọ̀n tí a ti fẹ́ ara wa nìyí. N kò gbọ́ ìtàn náà rí.

Aago mẹ́rin la wọ Rush Green. Màmá Tóbi, aládùúgbò wa tó mọ ibi tí a lọ, ń kó dọ́sìbìn rẹ̀ wọlé. Ó yí ọkọ̀ náà ká. "Kí lẹ wá fi kún un? Èmi ò rí nǹkan kan o."

"Ẹ ò lè rí i, Màmá Tóbi," ọkọ mi dáhùn láti ojú fèrèsé. "Ó ń dúró ni."

Agbára ni mo torí rẹ̀ jí ní ìdájí. Ọkọ mi, tí mo pè ní ojo nínú ọkàn mi fún odindi ọjọ́ mẹ́ta, ló bèèrè ohun tó yẹ kí èmi awakọ̀ ti bèèrè. Bí ẹ bá ra ọkọ̀ tuntun lọ́dọ̀ yín, ẹ fi ẹni tó ń bẹ̀rù mọ́ ara àwọn tẹ́ ẹ ó mú dání lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo mú báàgì mi. Ọkọ mi kò tú bẹ́líìtì.

"Abíọ́nà, ṣé epo ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà."

"Jẹ́ ká gba Dagenham East lọ, ká wá gba ẹ̀yìn kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò wa wọlé."

Mo gbé báàgì padà sẹ́yìn, mo sì tan ọkọ̀.